Ebè Dáfódìlì ní Openshaw

Láyé ìyá mi, kò gbin ohun tí ẹnu ò ní jẹ rí. Lọ́dún tó wá kí wa nílùú òyìnbó láti Ìjẹ̀bú, mo gbé àpò irúgbìn dáfódìlì wálé ní oṣù kẹwàá. Ó mú ọ̀kan, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Àlùbọ́sà tí kò ṣeé fi se ọbẹ̀! Kí ni wọ́n ń fi ṣe?"

"Òdòdó ni, Màmá. Ó di ìgbà tí òtútù bá ń lọ kó tó tanná."

Kí n tó ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, Màmá ọmọ àgbẹ̀ ti kọ ebè kún ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tó fẹ́ gbin iṣu, ó ti sin irúgbìn sínú wọn, ó sì ti fi koríko gbígbẹ dé ebè kọ̀ọ̀kan lórí.

"Kí oòrùn má baà sun ún," ó ní.

"Oòrùn wo, Màmá? Ní Openshaw?"

Ìyá òyìnbó tó ń gbé ilé kejì yọjú lókè ọgbà, ó béèrè bóyá ológbò wa ló kú tí a sin síbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi dùn mí. Ṣùgbọ́n òjò ọdún yẹn ò ṣeé fẹnu sọ. Omi dúró sí ẹ̀yìnkùlé gbogbo ará àdúgbò, orí ebè Màmá nìkan ló gbẹ. Nígbà tí ewé yọ lẹ́yìn Kérésì, mo gbà pé Màmá mọ̀ ọ́n ṣe.

Láàárọ̀ láàárọ̀ ni Màmá ń wọ kóòtù mi jáde lọ kí wọn: "Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin ọmọ mi." Oṣù kẹta ni físà rẹ̀ máa parí. Ó ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òun ò ní lọ láìfojú rí òdòdó òun.

Ó wá ku ọ̀la kó wọ bàálù, kò sí èyí tó là. Inú bí mi sí òdòdó. Ìyá òyìnbó ní kí n gé ọ̀kan, kí n kì í sínú omi nítòsí rédíétọ̀ tó ń mú ilé móoru. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárọ̀, ó ti là, ó pọ́n yòò lórí tábìlì.

Mo rò pé Màmá á jó. Ó jókòó, ó wò ó títí.

"Ta ló rán ẹ níṣẹ́?" ó ní. "Mo rò pé bí wọn ò bá tíì là, Ọlọ́run á wá ọgbọ́n tí mo fi máa pẹ́ díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ yín."

Mo bú sẹ́kún. Òun bú sẹ́rìn-ín. Ó ṣẹ́ òdòdó náà kúrú, ó kì í bọ gèlè rẹ̀, ó ní kí n pe táásì.