Bí Ìyá Mi Ṣe Bọ́ Sílẹ̀ Nínú Mọ́tò Ní Ẹ̀jìgbò

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa tí Bàbá Ràṣídì fi fun fèrè mọ́tò rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ara. Ìyá mi ti wọṣọ tán, ṣùgbọ́n wọn ò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Àjọkẹ́, mi ò lọ mọ́."

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú wọn lápá òsì. Nígbà tá a kọ́kọ́ lọ sí ọsibítù, àwọn ọkùnrin sáré wá ràn wá lọ́wọ́, ọ̀kan sì fa ọwọ́ òsì náà. Èjìká yẹ̀, ìyá mi ṣubú lójú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn náà ò níkà nínú. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá rí aláìsàn tí kò nawọ́ sí i, èébú ló máa gbà. Ṣùgbọ́n látọjọ́ náà ni ìyá mi ò ti fẹ́ gbọ́ orúkọ mọ́tò mọ́. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn sì ti tán, orí tún ti ń fọ́ wọn.

"Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lónìí, Màámi. Ẹnikẹ́ni ò ní fà yín."

Nọ́ọ̀sì tó tọ́jú èjìká náà ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe é, a sì ti ń fi àga dánra wò nílé. Ìyá mi mí kanlẹ̀, wọ́n ní kí n mú ọ̀já wá.

Ọ̀nà Ẹ̀jìgbò ò jìn, kòtò ibẹ̀ ló pọ̀. Oko ẹ̀gẹ́ ló wà lọ́tùn-ún lósì, òórùn gààrì tí wọ́n ń yan sì ń wọlé bá wa. Bàbá Ràṣídì, tó pẹ́ ní Àbíjàn kó tó padà wálé, ń wakọ̀ bí ẹni tó gbẹ́yin dání. Tó bá ti dé kòtò, á ní, "Dusumá, dusumá!"

"Kí nìyẹn?" ni ìyá mi bi í.

"Faransé ni, Màmá. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló túmọ̀ sí."

Ìyá mi rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ní ọsibítù, ẹ̀bá gọ́tà ni Bàbá Ràṣídì dúró sí. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sún síwájú, síbi tó tẹ́jú.

"Mọ́tò ń bọ̀ lẹ́yìn wa, ọmọ mi."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n á dúró."

Ó sún un. Kí n tó ṣílẹ̀kùn tán, ọkùnrin méjì ti nawọ́ wá. "Ẹ jẹ́ ká gbé wọn!"

Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Kẹ̀kẹ́ aláìsàn ni kẹ́ ẹ bá wa gbé wá."

Ọ̀kan pòṣé, èkejì lọ gbé e. Mo gbé kẹ̀kẹ́ náà sápá ọ̀tún ìyá mi, níbi tí agbára wọn wà, mo sì ti bíréèkì rẹ̀. Mo yí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì síta pa pọ̀, títí wọ́n fi kọjú sí mi, tí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn tẹlẹ̀. Mo so ọ̀já mọ́ wọn nídìí. Ibẹ̀ ni mo dì mú, mi ò fọwọ́ kan apá wọn. Mo tẹ orúnkún, mo fi ti orúnkún òsì wọn.

"Ẹ fọwọ́ ọ̀tún ti ìjókòó, kẹ́ ẹ tẹ̀ síwájú."

Wọ́n gbìyànjú. Ẹsẹ̀ gbọ̀n, wọ́n padà jókòó gbì.

"A ti sọ fún un," ni ẹni tó pòṣé wí. Ìyá mi wò mí lójú.

"Má dá wọn lóhùn. Jẹ́ kí n mí ná."

Wọ́n mí. Lẹ́yìn náà àwọn fúnra wọn ló ní, "Ó yá!" Wọ́n dìde. Mo mọ̀ ọ́n lára bí wọ́n ṣe fẹsẹ̀ ara wọn gbé ara wọn ró. Wọ́n ń ṣísẹ̀ kéékèèké yí padà, títí kẹ̀kẹ́ fi kàn wọ́n lẹ́yìn ẹsẹ̀, wọ́n sì jókòó jẹ́ẹ́. Omi bọ́ lójú mi.

Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ wọn ti ga jù. Ká ní a tún fi falẹ̀ ni, àrùn náà ì bá tún kọlù wọ́n. Ó fún wọn ní oògùn.

Ọ̀sán la padà dé Ara. Àwọn ará ilé tú jáde, gbogbo wọn na ọwọ́. Ìyá mi gbé ọwọ́ ọ̀tún sókè.

"Ẹ dúró ná. Ẹ kọ́kọ́ bi mí."

Gbogbo wọn dáwọ́ dúró. Mo ti ń rò ó bọ̀ lọ́nà pé ìrànlọ́wọ́ tí a kò béèrè bí aláìsàn ṣe fẹ́ ẹ lè di ìpalára; ìyá mi ti bá mi sọ ọ́ tán. Ìyá Sùúrà, aládùúgbò wa, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Kí la máa ṣe, Ìyá?"

"Ẹ kúrò lọ́nà," ni ìyá mi wí, "kí n ráàyè kọjá."