Ìlà Mẹ́ta Lórí Ìwé Kan: Bí Mo Ṣe Gbé Ìwé Ìbéèrè Owó Káàkiri New York

Aago márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ti ilẹ̀kùn ilé wa ní St. George, mo gbé àpò awọ tí mo ti ń lò láti ìgbà tí mo ti ń ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta kọ́ èjìká, mo sì gba ọ̀nà èbúté lọ. Ìwé kan ṣoṣo ló wà nínú àpò náà. Ìlà mẹ́ta wà nísàlẹ̀ rẹ̀: ti alága, ti akọ̀wé, àti ti olùdarí. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn tó lù, ìbuwọ́lù mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà lórí rẹ̀, kí n sì fi ọwọ́ ara mi gbé e dé ọ́fíìsì ìjọba kan ní ìsàlẹ̀ Manhattan.

Kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ wà nílé. Ilé alájà mẹ́ta ni ilé wa, òkè pátápátá ni mo sì ń gbé. Nísàlẹ̀ ni àwọn obìnrin mẹ́ta wà tí wọ́n fi iṣẹ́ àti ilé-ìwé tàn wá sí Amẹ́ríkà, tí wọ́n gba ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì sọ wọ́n di ẹrú nínú ilé onílé. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ òpópónà wa; àní bí a bá wọ takisí, ìkóríta kejì sí ilé ni a ti ń sọ̀. Ìyàwó mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló dá ilé ìsádi náà sílẹ̀, òun náà sì ni olùdarí rẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án. Oṣù mẹ́jọ rèé tó ti kú. Ọdọọdún ni a ń kọ̀wé béèrè owó tí ìjọba ìlú yà sọ́tọ̀ fún ìrànlọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣòwò ẹrú. Bí owó náà kò bá wọlé lọ́dún yìí, àwọn obìnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò kó jáde kí ìgbà òtútù tó dé, mi ò sì mọ ibi tí wọn ó kó lọ.

Èmi ni mo kọ ìwé ìbéèrè ti ọdún yìí. Orí kọ̀ǹpútà ni, ó sì gùn ju ìwé ìtàn tí a ń fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta kà lọ. Ó bi wá pé báwo ni a ó ṣe mọ̀ pé ara obìnrin kan ti ń yá. Mo yẹ ohun tí ìyàwó mi kọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá wò: "Nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọbẹ̀ wa kò dùn." Ìjọba sì fún un lówó. Mo fi ìdáhùn náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Nígbà tí mo parí, mo tẹ bọ́tìnnì, mo mu tíì, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin kan pè mí láti ọ́fíìsì náà pé wọn kì í gba ojú ìwé ìkẹyìn lórí kọ̀ǹpútà. Bíírò gidi ni wọ́n fẹ́, ọwọ́ ènìyàn gidi, kó sì dé kí aago mẹ́rin ọ̀la tó lù.

Ọkọ̀ ojú omi tó ń ti St. George lọ sí Manhattan, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà: ọ̀fẹ́. Ó tóbi bí ilé-ìwé, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ọsàn tó pọ́n, ó sì ń gbé ènìyàn tọ̀sán-tòru láìgba kọ́bọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ń wá ẹni tí n ó sanwó fún, títí ọlọ́pàá kan fi wá bi mí pé kí ló sọnù lọ́wọ́ mi. Lọ́dọ̀ wa, ohun ọ̀fẹ́ máa ń ba ènìyàn lẹ́rù. Ohun tí kò sí nínú ọkọ̀ náà ni ìkíni. Mo kí ọkùnrin tó jókòó tì mí pé ó káàárọ̀. Ó yọ ohun tó fi dí etí, ó ní, "Kí lẹ wí?" Mo tún un kí. Ó wò mí, ó wo àpò mi, ó dìde, ó lọ jókòó síbòmíràn.

Láti Manhattan mo wọ tréènì abẹ́ ilẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sọ́bùwéè. Dọ́là mẹ́ta ni owó rẹ̀, ì báà jẹ́ ibùdókọ̀ kan lò ń lọ tàbí ogójì. Mo wọ̀ ọ́ títí ó fi dé òpin ọ̀nà rẹ̀ ní Queens, ọ̀kan nínú apá márùn-ún tí ìlú yìí pín sí, mo sì wọ bọ́ọ̀sì dé St. Albans. Ilé tí kò ga ni wọ́n ní níbẹ̀, koríko níwájú olúkúlùkù, wọ́n gé e bí irun ọmọ ilé-ìwé.

Fọlákẹ́, alága wa, ti ń dúró dè mí lórí àtẹ̀gùn. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, oníṣirò owó ní ilé ìwòsàn kan. Bàtà kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, èkejì wà lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀ tòun ti bàtà náà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú ewu ọ̀nà. Níbo ni n ó buwọ́ lù? Mo ti pẹ́."

Orí mọ́tò rẹ̀ ló ti buwọ́ lu ìlà àkọ́kọ́. Ó já ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì fún mi.

"Sà, bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ Alhaji, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gún iyán fún yín o. Bí ẹ bá jókòó ti iyán yẹn, ó di ọjọ́ Ajé."

Alhaji ni akọ̀wé wa. Ọmọ Ìbàdàn ni, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, University Heights ní Bronx ló ń gbé. Awakọ̀ takisí ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Inú takisí rẹ̀ ni obìnrin àkọ́kọ́ tó wọ ilé wa sá sí, láìní bàtà, láìní owó. Alhaji gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tí ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́, ó pa ẹ̀rọ tó ń ka owó, ó sì jókòó tì í títí ilẹ̀ fi mọ́. Òun kan náà ló ń gbé Fọlákẹ́ lọ sílé-ìwé nígbà tó wà ní kékeré, nítorí ọ̀rẹ́ ni òun àti bàbá rẹ̀.

Tréènì dúró lẹ́ẹ̀mẹta lọ́nà. Ní gbogbo ìgbà tó bá dúró ni awakọ̀ ń ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún wa nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wí, gbogbo wa sì gbà pé òótọ́ ni. Nígbà tí mo sọ̀, mo bá òkè pàdé. Àdúgbò náà dà bí Abẹ́òkúta, àtẹ̀gùn lórí àtẹ̀gùn, àfi pé kò sí àpáta tí ènìyàn lè jókòó lé sinmi. Mo yà sí ṣọ́ọ̀bù kan láti mí. Dọ́là mẹ́jọ ni wọ́n ń ta gàrí Ìjẹ̀bú tí kò kún àwo méjì. Mo rọra dá a padà sí àyè rẹ̀.

Aago méjìlá ku díẹ̀ ni mo dé ilé Alhaji. Ó ti wọ aṣọ funfun, ó ń múra Jímọ̀. Ó wọ awò ojú, ó ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, ó sì tún bọ́ awò náà.

"Tíṣà, ta ló wà lókè yìí?"

"Fọlákẹ́ ni, Alhaji. Òun ni alága."

"Fọlákẹ́ wo? Fọlákẹ́ tí mo máa ń so okùn bàtà fún?"

"Òun náà ni."

"Èmi ni ẹ wá fẹ́ kí n wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Alhaji, ìlà lásán ni."

"Kì í ṣe ìlà lásán. Bí wọ́n bá rí i ní ọ́fíìsì, wọn ó ní àbúrò Fọlákẹ́ ni mí."

"Wọn ò mọ ẹ̀gbọ́n, wọn ò mọ àbúrò níbẹ̀."

"Ìdí tó fi yẹ kí a kọ́ wọn nìyẹn."

Ó ní òun lè buwọ́ lù ú lókè pátápátá, níbi tí àmì ìjọba wà. Mo ní wọn ò ní gbà á. Ó ní kí n padà sí Queens kí Fọlákẹ́ pa tirẹ̀ rẹ́. Mo ní, "Alhaji, bí ìwé yìí kò bá dé kí aago mẹ́rin tó lù, àwọn ọmọ mẹ́ta yẹn ti wà níta."

"Ẹ má fi ìyẹn dẹ́rù bà mí. Èmi ni mo gbé àkọ́kọ́ wọn. Wọn ò ní wà níta. Ẹ ṣáà wá ìlà mìíràn fún mi."

Mo pe Fọlákẹ́ lórí fóònù, mo sọ ohùn rẹ̀ di gbangba.

"Fọlákẹ́," ni Alhaji wí, "o ti gun orí mi, àbí?"

"Háà, Dádì! Ẹ fara balẹ̀ sà. Bí owó ìjọba bá sọnù, ẹni tó wà lókè ni ọlọ́pàá ń kọ́kọ́ mú. Mo ní kí n ṣíwájú yín dé àtìmọ́lé ni."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi ṣí. Mo ti ń ṣí bíírò nígbà tí ẹ̀rín náà dá dúró lójijì.

"Rárá o. Èmi àgbà ni n ó wá fà sẹ́yìn, kí ọmọdé ṣíwájú mi lọ sẹ́wọ̀n? Ìyẹn gan-an ló fi yẹ kí n wà lókè."

"Dádì, ọ̀gá mi ń pè mí," ni Fọlákẹ́ wí, fóònù sì kú.

Ìyá Sàdíà, ìyàwó Alhaji, ti ń bó ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé láti ìgbà tí mo ti wọlé. Kò gbójú sókè.

"Alhaji, ọdún mélòó lẹ fi wa takisí?"

"Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n."

"Ibo lẹ máa ń jókòó sí?"

"Iwájú ni. Ibo ni awakọ̀ ń jókòó sí?"

"Ẹ gbé dókítà, ẹ gbé lọ́yà, ẹ gbé òyìnbó tó ní ilé ìfowópamọ́. Èwo nínú wọn ló bá yín jókòó níwájú?"

"Kò sí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Fọlákẹ́ máa wa mọ́tò náà lọ. Ẹ̀yin ẹ jókòó lẹ́yìn, ẹ ṣí ìwé ìròyìn yín."

Alhaji wo ìwé náà pẹ́, bí ẹni tó ń wo àga tìmùtìmù nínú mọ́tò tuntun. Ó ní, "Bíírò dà?" Ìbuwọ́lù rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ìrù rẹ̀ fi gòkè lọ kan orúkọ Fọlákẹ́.

Iyán náà wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mo jẹ òkèlè mẹ́fà lórí ìdúró, Ìyá Sàdíà sì ki mọ́ínmọ́ín mẹ́rin sínú àpò mi. Lẹ́nu ọ̀nà, Alhaji bi mí pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ ti buwọ́ lu tiyín?"

Mo ní, "N ó ṣe é lọ́nà."

Kí n sọ òtítọ́ ibẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú ni Fọlákẹ́ àti Alhaji ti ní kí n gba ipò olùdarí, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà tẹ̀ sábẹ́ ìlà kẹta, torí òun ló wà níbẹ̀ lọ́dún tó kọjá. N ó fa ìlà la orúkọ rẹ̀ kọjá, n ó kọ tèmi. Ìṣẹ́jú kan ni. Nínú ọkọ̀ ojú omi, mo ní omi ń mi ọkọ̀. Ní Queens, mo ní Fọlákẹ́ ń kánjú. Nínú tréènì, mo ní ọwọ́ mi yóò gbọ̀n. Nígbà tí tréènì ń gbé mi padà sí Manhattan, tó dúró jẹ́ẹ́ fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìmì rárá, mo ní iná inú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó.

Aago mẹ́ta kọjá ni mo dé ọ́fíìsì náà. Ẹ̀rọ tó ń yẹ àpò wò dá mọ́ínmọ́ín dúró. Ẹ̀ṣọ́ kan bi mí pé kí ni. Mo ní ẹ̀wà ni. Ó ní ẹ̀wà kì í rí báyìí. Ó pe ẹnì kejì rẹ̀, ìyẹn gbé e sí imú, ó wá ní, "Kí ló wà nínú rẹ̀ gan-an?" Mo ti ń ṣàlàyé tàtàṣé àti edé kí n tó rántí aago.

Obìnrin tó pè mí lórí fóònù ló wà lẹ́yìn káńtà. Ó yẹ ìwé náà wò, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí ìrù ìbuwọ́lù Alhaji, ó sì fi ìka kan ìsàlẹ̀.

"Ibí yìí ṣófo, sà. Ta ni olùdarí?"

Aago mẹ́rin ku ogún ìṣẹ́jú ni aago ara ògiri wí. Láti Bronx ni mo ti ń bínú sí Alhaji nínú ọkàn mi nítorí ìlà kan. Òun fi nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì bá a jà. Èmi ti fi oṣù mẹ́jọ bá a jà.

Mo ní kó yá mi ní rúlà. Kò ní rúlà. Ó na àpòòwé kan sí mi pé kí n lo etí rẹ̀. Mo fa ìlà ẹyọ kan, tín-ín-rín, tí ènìyàn ṣì lè ka orúkọ náà lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ tèmi sí ẹ̀gbẹ́, mo buwọ́ lù ú. Ó lu òǹtẹ̀. Ó ní èsì yóò dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń padà, mo jẹ mọ́ínmọ́ín kan, mo sì ro ọjọ́ náà wò. Bí ẹ bá ń wá ẹ̀kọ́ nínú ìrìn àjò mi, ohun tí mo rí kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jà lórí ìlà kan, ẹ má tètè fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ kọ́kọ́ bi í pé ta ló wà níbẹ̀ kó tó dé. Èkejì ni pé kí ẹ gbé mọ́ínmọ́ín sínú abọ́ tó ní ìdérí bí ẹ bá ń lọ sí ọ́fíìsì ìjọba.

Mi ò tíì ki kọ́kọ́rọ́ bọ ilẹ̀kùn tí wọ́n fi ṣí i. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró síbẹ̀. Èyí tó dàgbà jù, ọmọ Ìlọrin, ló sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sà. Ṣé wọ́n gbà á?"

"Wọ́n gbà á. Ó ku èsì."

"Orúkọ ta ni wọ́n kọ sí àyè olùdarí?"

"Tèmi ni."

Wọ́n wo ara wọn. Ó kúnlẹ̀. "Ẹ kú oríire sà." Ó dìde, ó gbọn iwájú ìró rẹ̀. "Olùdarí, síǹkì tó wà ní àjà kejì ti ń jò láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. A ò mọ ẹni tí a ó sọ fún."

Mo gbé àpò sílẹ̀, mo bọ́ kóòtù, mo ní kí wọ́n wá sípánà wá.