Omi Tí Adèle Kò Lè Mu

Ẹni tó bá ní Ìyá Honorine rọ̀ jù kò mọ̀ ọ́n rárá. Òun ló ń ṣọ́ ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé nílé ẹ̀kọ́ Kátólíìkì kan lẹ́bàá Atakpamé ní orílẹ̀-èdè Tógò. Kí ó tó débẹ̀ ní 1974, ojú ọmọ tuntun a máa rí màbo lọ́wọ́ àwọn àgbà ọmọ. Òun ló sọ ọ́ di òfin pé lọ́jọ́ ìwọlé, kí àgbà ọmọ kọ̀ọ̀kan bu omi fún ọmọ tuntun kan lójú ìyá rẹ̀. Ẹni tó o bá fún lómi ti di àlejò rẹ, a kì í sì í fìyà jẹ àlejò.

Lọ́dún kan, Adèle mú kí Àpọ̀kẹ́, àlejò tirẹ̀, kúnlẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Àwọn Sístà tó ń darí ilé ẹ̀kọ́ náà fẹ́ lé Adèle lọ. Ìyá Honorine ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún òun. Kò nà án. Ó ní kó sin Àpọ̀kẹ́ lọ sílé ní Datcha, kó fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Ìyá Àpọ̀kẹ́ dá a mọ̀ lókèèrè. “Ọmọ tó fún ọmọ mi lómi nìyí,” ló ń sọ fáwọn aládùúgbò. Omi ló sì ń ṣáájú ọ̀rọ̀. Kò tíì béèrè ohun tó gbé wọn wá tó fi bu omi tútù kún igbá, tó gbé e fún Adèle.

Adèle gbà á. Omi náà kò kọjá ọ̀fun rẹ̀.