Odò Tí Kò Sí ní Abúlé Wa

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí n kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ, mo mọ abúlé kan ní ilẹ̀ Faransé ju abúlé tí wọ́n bí mi sí lọ. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ń dàgbà níbí ní Johannesburg mọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Randburg, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí ẹ júwe abúlé bàbá yín, òkè àjà lẹ ó máa wò.

Abúlé wa kò jìnnà sí Kétu, ní apá ibi tí àwọn Faransé ti ṣèjọba. Ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ó sì gbẹ. Kò sí odò, kò sí ìsun, omi òjò ni gbogbo wa ń mu. Kòtò omi ńlá kan wà láàárín abúlé tí a ti ń pọnmi lójoojúmọ́. Yàtọ̀ sí èyí, àwọn baba ńlá wa gbẹ́ méje mìíràn káàkiri oko nígbà ogun, wọ́n fi òkúta dé wọn lẹ́nu, wọ́n sì da ilẹ̀ bò wọ́n kí ọ̀tá má baà rí wọn. Ọjọ́ ọ̀dá ni wọ́n fi àwọn méje yìí pamọ́ dè. Nígbà tí mo gbọ́njú, ìyá tó bí ìyá mi nìkan ló kù tó mọ ojú ibi tí méjèèje wà.

Olùkọ́ wa nílé ẹ̀kọ́ jẹ́ obìnrin Faransé kan tí kò tíì dàgbà púpọ̀. Ó fẹ́ràn abúlé tirẹ̀ débi pé ó yà á sára pátákó, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa á rẹ́. Òkè kan wà lẹ́yìn abúlé náà. Odò kékeré kan ń ti orí òkè yẹn bọ̀, ó ń gba abẹ́ afárá olókùúta kọjá, ó sì ń yà sí ibi kan tí wọ́n fi òkúta tẹ́, tí wọ́n kan òrùlé lé lórí, tí àwọn obìnrin ti ń kúnlẹ̀ fọṣọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà níbẹ̀ tí agogo rẹ̀ dàgbà ju ìyá ìyá olùkọ́ wa lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì ń sin òkú wọn sí, pẹ̀lú orúkọ kálukú lára òkúta. A kọ́ gbogbo rẹ̀ sórí ní èdè Faransé. Ẹni tó bá gbàgbé ibi tí odò ti yà, inú oòrùn ni yóò kúnlẹ̀ sí.

Kí n má purọ́ fún yín, mo nífẹ̀ẹ́ odò yẹn. Igbá ni wọ́n fi ń wọn omi ìwẹ̀ fún mi nílé. Odò tí ń ṣàn tọ̀sán-tòru láìsí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, lójú tèmi, ọ̀run ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá àgbà pè mí sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi dóko mọ́, ìyá rẹ kò sì ní sùúrù láti gbọ́. Ìwọ lo mọ̀wé. Bá mi kọ ojú àwọn kòtò yìí sílẹ̀, kí ọkàn mi lè balẹ̀.”

Mo mú ìwé, mo mú pẹ́ńsù. Faransé nìkan ni mo mọ̀ ọ́n kọ, ṣùgbọ́n mo kọ kòtò kìíní dáadáa: ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ, kọjú sí ìlà oòrùn, títí dé ìdí igi oṣè méjì. Mo kọ ìkejì náà. Nígbà tí wọ́n dé orí ìkẹta, ó ti sú mi. Ìyá àgbà á ka iye ìṣísẹ̀, wọ́n á tún un kà, wọ́n á bá ara wọn jiyàn, wọ́n á sì yà bàrá sọ ìtàn obìnrin tó bímọ lẹ́bàá kòtò náà. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni a óò ka abúlé olùkọ́ lórí, oòrùn sì ń bà mí lẹ́rù. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ògán àti ìrókò, ọwọ́ mi ń kọ òkè, odò àti afárá. Wọ́n sọ títí ó fi pé méje, èmi náà kọ títí mo fi dé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì.

Wọ́n ní kí n kà á fún àwọn. Mo kà á wàràwàrà ní Faransé. Inú wọn dùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ẹnu ọmọ mi mà dùn o!” Wọ́n fi aṣọ wé ìwé náà, wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí.

Mo ní lọ́kàn mi pé màá tún un kọ. N kò tún un kọ. Mo yege ìdánwò, wọ́n mú mi lọ sílé ẹ̀kọ́ gíga ní Àjàṣẹ́, olú ìlú ilẹ̀ wa, ibẹ̀ ni mo sì wà tí ìyá àgbà fi kú.

Ọdún kejì sí i ni ọ̀dá dé. Kòtò àárín abúlé gbẹ. Àwọn àgbà ṣí àpótí, wọ́n sì gbé ìwé náà fún olùkọ́ tuntun tó rọ́pò obìnrin Faransé yẹn kí ó kà á fún wọn. Ọmọ Yorùbá bí tiwa ni, ṣùgbọ́n ó wá láti ìlú tí àwa àti wọn jọ ń jà sí ilẹ̀ oko. Ó ka kìíní, wọ́n wú u, omi wà níbẹ̀. Ó ka ìkejì, omi wà níbẹ̀. Ó dé ìkẹta, ó ní odò kan ń ti orí òkè bọ̀, ó ń gba abẹ́ afárá. Wọ́n ní kí ó tún un kà. Odò náà ló tún kà. Àwọn àgbà wo ara wọn lójú. Wọ́n ní ó ti rí òótọ́ níbẹ̀, ó fi pamọ́ de àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ìgbà tí mo dé fún ìsinmi ni baálé pè mí síwájú gbogbo ilé. Olùkọ́ náà dúró níbẹ̀, ó ń wò mí bí ẹni tí ìrànlọ́wọ́ ti dé fún. Baálé na ìwé náà sí mi. “Ṣé ìwọ lo kọ odò síbí?”

Mo wo ìwé náà. Ìtìjú bò mí, mo ro bí ìyá mi yóò ṣe wò mí. Mo ní, “Rárá, bàbá. Kì í ṣe èmi ni mo kọ èyí. Olùkọ́ ti pààrọ̀ rẹ̀.”

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀wé láàárín àwọn àgbà, wọn kò sì pe ọmọ iléèwé kankan síbẹ̀. Olùkọ́ náà bú sẹ́kún, àgbàlagbà ọkùnrin. Wọ́n lé e lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Èmi náà kò rántí ojú àwọn márùn-ún tó kù. Omi kòtò méjì kò tó wa, ìdajì ilé sì kó lọ bá ẹbí káàkiri. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò padà mọ́.

Lóṣù tó kọjá tí omi kò yọ nínú ẹ̀rọ ní Randburg, èmi àti ọmọ-ọmọ mi lọ tò pẹ̀lú garawa sídìí ọkọ̀ tó ń gbé omi kiri. Ó ní, “Eish, Grandma, where did you people get water in your village?” Mo júwe abúlé Faransé yẹn fún un kí n tó mọ ohun tí mò ń sọ. Ó wá a lórí fóònù rẹ̀, ó sì rí i. Odò wà, afárá wà. Wọ́n ti tún òrùlé ibi ìfọṣọ kàn, wọ́n kọ ìtàn rẹ̀ sára ògiri, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń fọṣọ níbẹ̀ mọ́. Ó wá abúlé tiwa náà. Ó ní, “Grandma, there's nothing here.”

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sinmi. Lánàá, mo pe ọmọ-ọmọ baálé lórí fóònù, mo bi í bóyá ó gbọ́ nípa olùkọ́ kan rí. Ó ní, “Olùkọ́ tó jí omi wa? Ta ni ò mọ̀ ọ́n, Màmá? Ìtàn rẹ̀ la máa ń sọ fún àwọn ọmọ.”

Mo sọ fún un pé olùkọ́ kò jí nǹkan kan, pé èmi ni mo purọ́. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ó fi pẹ̀lẹ́tù ní, “Ẹ lọ sinmi, Màmá. Ọjọ́ ogbó ló fà á. Ẹ ti ń gbàgbé.”

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ọmọ mi. Abúlé wa ti ní ẹ̀rọ omi, kò sẹ́ni tó ń wá kòtò mọ́. Nígbà tiwa, ọ̀rọ̀ àgbà ni ilé ń gbà gbọ́. Síbẹ̀, ọmọdé ni mí nígbà tí mo purọ́, gbogbo àgbà ilé sì gbà á. Èmi ni àgbà báyìí, mo sọ òótọ́, wọ́n ní kí n lọ sùn.