Àwọn Ewé Tó Jó ní Ìlà Kejì

Nínú ọgbà náà, níbi tí wọ́n ti ń gbin igi ọsàn sínú ilé tí a fi ọ̀rá bò, bóyá ni òṣìṣẹ́ méjì fi mọ orúkọ tí wọ́n sọ Ìyá Abẹ́-Ewé nígbà tí wọ́n bí i. Òun náà ló fa orúkọ yìí wá fún ara rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń fi omi ajílẹ̀ bọ́ igi láti ara ewé, ẹnikẹ́ni tó bá sì wá kọ́ iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ nìyí: "Abẹ́ ewé ni ẹnu ewé wà. Ta ló ń da ẹ̀kọ lé èèyàn lórí, tó ní òun ń fún un lóúnjẹ?"

Àwọn kan rò pé ẹni tó bá ti lè gbé táǹkì kọ́ ẹ̀yìn ti mọ iṣẹ́ náà. Wọn ò mọ nǹkan kan. Omi kànga ọgbà yẹn kún fún ẹfun, kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí oúnjẹ gbé láti inú ilẹ̀ bó ti yẹ. Bí ewé tuntun bá yọ, yóò pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, iṣan rẹ̀ nìkan ni yóò tutù. Ìgbà náà ni Ìyá Abẹ́-Ewé yóò po ajílẹ̀ mọ́ omi, ìdérí kan sí táǹkì kan, yóò sì fín in láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí oòrùn tó mú. Bí ajílẹ̀ tuntun bá dé, yóò so òwú pupa mọ́ ẹ̀ka kan ṣoṣo, ẹ̀ka yẹn ni yóò kọ́kọ́ fín, yóò sì dúró fún ọjọ́ méjì gbáko kí ó tó fọwọ́ kan ìyókù. Láti ọdún mẹ́rìnlá, igi kan ò kú mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ni máníjà tuntun bá dé. Ọmọ àbúrò Màdáàmù tó ni ọgbà ni, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ ọ́ ní Ó-Ti-Yá, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá bá a sọ tí kò ní fi "ó ti yá, ó ti yá" gé e. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó gbé kẹ́ẹ̀gì ajílẹ̀ tuntun wọlé ní kùtùkùtù. Kí ó tó di ọ̀sán, ó pa dà wá bá Ìyá Abẹ́-Ewé.

"Ìyá, lọ́jọ́ Ẹtì ni àwọn tó fẹ́ ra igi ń bọ̀. Mo fẹ́ kí ìlà kejì tutù dáadáa. Ẹ fín in lónìí."

"Ọ̀gá, mo ti so òwú mọ́ ẹ̀ka kan ní ìlà kìíní, mo sì ti fín in. Ẹ jẹ́ ká wò ó títí di Ọjọ́bọ̀."

"Ọjọ́bọ̀ kẹ̀? Ẹ bu ìdérí mẹ́ta sí i, kó tètè ṣiṣẹ́."

"Mẹ́ta? Nínú oòrùn yìí? Ọ̀gá, ẹ má bínú o, ọwọ́ mi ò ní ṣe é."

"Ó ti yá. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sinmi."

Ó lọ sílé lóòótọ́. Nígbà tí ó padà dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlà kejì ti jó. Igi méjìdínlógójì ni o! Etí ewé wọn ti di bírọ́ọ̀nù, ó ká kò bí ìwé tí iná rà. Kí ó tó la ẹnu, Ó-Ti-Yá ti pe gbogbo òṣìṣẹ́ jọ síwájú ìlà náà.

"Ẹ wo ohun tí obìnrin yìí ṣe! Ìwọ, ṣé ojú rẹ ti fọ́ ni? Agbára ẹ ò gbé iṣẹ́ yìí mọ́!"

Ìwọ! Ọmọ tí àbíkẹ́yìn Ìyá Abẹ́-Ewé fi ọdún mẹ́ta jù lọ ló pè é ní ìwọ, lójú àwọn tí ó kọ́ níṣẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wo ilẹ̀, nítorí àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ni ìfín náà wáyé, kò ṣojú ẹnì kankan, wọn ò sì mọ̀ bóyá obìnrin náà ti lọ sílé nígbà náà.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bí Ìyá Abẹ́-Ewé ti dúró síbẹ̀, ojú rẹ̀ bọ́ sórí ewé kan. Ẹfun ajílẹ̀ ti gbẹ sórí rẹ̀ funfun. Ó yí i padà. Abẹ́ rẹ̀ mọ́ tónítóní. Ó yí òmíràn, ó yí ogún, bákan náà ni gbogbo wọn. Òkè ni ẹni tó fín wọn ti ń da omi lé wọn lórí, kò sì sí ẹlòmíràn tí kọ́kọ́rọ́ yàrá ajílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ju máníjà lọ.

Nígbà tí Màdáàmù dé lọ́sàn-án, Ìyá Abẹ́-Ewé mú un lọ sí ìdí igi, ó sì yí ewé hàn án.

"Màdáàmù, ẹ̀yin náà mọ ọwọ́ mi. Ṣé ọwọ́ mi rèé?"

Màdáàmù wo òkè ewé, ó wo abẹ́ rẹ̀.

"Mo ti rí i," ó wí. "Ṣùgbọ́n ọmọ àbúrò mi ni. Bí mo bá dójú tì í, ta ni yóò tún bọ̀wọ̀ fún un? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e mì. Mi ò ní lé yín, mi ò sì ní yọ nǹkan kan nínú owó yín."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àgbà yìí wà lọ́jà o, ó sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan! Ó rò pé owó oṣù ló ń dun obìnrin náà.

"Ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé, Màdáàmù," Ìyá Abẹ́-Ewé dáhùn. Ó fọ táǹkì rẹ̀ mọ́, ó dorí rẹ̀ kodò kí ó lè gbẹ, ó sì gba ilé lọ.

Ní ilé, ọmọbìnrin rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. "Màámi, ẹ ṣáà sọ pé ẹ ṣàṣìṣe, kí iṣẹ́ má bàa bọ́."

"Kí iṣẹ́ bọ́. Tí mo bá kú, ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ìyá yín ló sun ìlà kejì?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò fẹsẹ̀ kan ọgbà. Àwọn oníbàárà ti wò ó, wọ́n ti pa dà lọ́wọ́ òfo. Ewé ìlà kejì re tán. Ní àwọn ìlà yòókù, ewé tuntun ń yọ, ó sì ń pọ́n, kò sẹ́ni tó láyà láti fọwọ́ kan kẹ́ẹ̀gì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ìyá Abẹ́-Ewé ń sá aṣọ, tó sì ń fi ìbínú gbọn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, Ó-Ti-Yá dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Èmi ni mo fín in. Màdáàmù ní kí n wá bẹ̀ yín."

"Dìde, ọmọ mi. Mo gbọ́. Ṣé àwọn aṣọ tí mo sá yìí lo bú mi lójú wọn ni?"

"Rárá, mà."

"Ibi tí o ti bú mi, ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀ mí."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo òṣìṣẹ́ tún dúró síwájú ìlà kejì. Màdáàmù náà wà níbẹ̀, ó ń yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó-Ti-Yá sọ ọ̀rọ̀ náà sínú àyà ara rẹ̀, àwọn tó wà lẹ́yìn ń na ọrùn.

"Ọ̀gá," Ìyá Abẹ́-Ewé rọra wí, "ẹ gbé ohùn sókè. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí ní ìwọ, títí dé ìdí kànga ni wọ́n ti gbọ́ yín."

Ó tún un sọ. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìdí kànga.

Ìyá Abẹ́-Ewé bu ìdérí kan sínú táǹkì, ó pò ó, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn. Ó kọjá lára igi méjìdínlógójì tí kò ní ewé kankan tí yóò fi jẹun, ó sì lọ bẹ̀rẹ̀ ní ìlà kìíní.