Ajá Tí Irun Rẹ̀ Kì Í Re

"Irun kan ṣoṣo," ni Àáfà wí. "Ọjọ́ tí mo bá rí irun ajá kan ṣoṣo lára bùbá mi, ọjọ́ náà ló máa kúrò lágboolé yìí. N ò ní tún un sọ, ìyàwó wa."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni Àáfà. Òun ni olórí agboolé wa ní àdúgbò Gàmbàrí láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú. Aṣọ funfun ní í wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ní mo gbà. Kí ni n bá tún sọ? Ajá náà nìkan ló kù lọ́wọ́ mi nínú ohun tí ọmọ mi dá sílẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún mi, kò sì tíì gbéyàwó. Àdúgbò Basin ló ń gbé. Iṣẹ́ iná ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ajá ló fẹ́ràn. Bí mo bá lọ kí i, ìdúró ni mo máa ń wà, torí irun ajá bo gbogbo àga bí òwú tí wọ́n gbọ̀n dànù.

"Ìwọ ọmọ yìí, ibo ni kí n ti kírun níbí?"

"Ìyá, ẹ fara balẹ̀. Mo máa bí ajá tí irun ẹ̀ kì í re fún yín."

"Ìwọ lo máa bí i? O ò tíì bí ọmọ èèyàn, ajá lo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Ó ní akọ onírùngbọ̀n kan tí irun rẹ̀ gùn, tó wé kókó bí ti àgùntàn, àdàlù ajá òyìnbó àti tiwa. Irun ìyẹn kì í já. Ó mú un gun abo rẹ̀, ajá ilé lásán, onírun kúkúrú, tí irun ń re lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Lẹ́yìn náà ni àìsàn ọjọ́ mẹ́rin mú ọmọ mi lọ. A ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, abo ajá náà bí mẹ́rin.

Ọ̀rẹ́ ọmọ mi kan tó jẹ́ dókítà ẹran ló bá wa tọ́jú wọn. Nígbà tí wọ́n pé oṣù méjì, ó ní kí n wá mú ọ̀kan. Mo rí nǹkan lọ́jọ́ náà. Ìyá kan, bàbá kan, ikùn kan. Ọ̀kan dán bọ̀rọ́ bí ìyá rẹ̀. Ọ̀kan gba àwọ̀ bàbá, ó gba irun ìyá. Ọ̀kan hu irùngbọ̀n bí arúgbó, irun ara rẹ̀ le gbàgà. Èyí tó kù pupa bí èèpo ẹ̀pà, irun rẹ̀ gùn, ó wé, ó tún hu irùngbọ̀n. Nígbà tí Àáfà pín ogún ọmọ mi, mo mọ ohun tó kàn mí àti ìdí tó fi kàn mí. Èyí tí Ọlọ́run pín sínú ikùn ajá yìí, ta ló lè ṣírò rẹ̀?

"Onírùngbọ̀n ni kẹ́ ẹ mú, Màámà," ni dókítà wí. "Irun wọn kì í sábà re."

"Irun ìyá rẹ̀ kúrú. Níbo ló ti rí irun gígùn?"

"Ìyá náà ní i, ó fara pa mọ́ sí i nínú ni. Bí bàbá nìkan bá fún ọmọ, kò ní hàn. Àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ fún un."

Mo wo abo ajá náà tó ń lá ọmọ rẹ̀. Ó gbé ohun tí kò hàn lára rẹ̀ rí, ó sì gbé e fún ọmọ. Sùbùhánállàhì!

Onírun gígùn náà ni mo mú. Láràárọ̀, mo máa ń gbé aṣọ dúdú tó sùn lé lọ síta, màá tẹjú mọ́ ọn bí ẹni tó ń wá oṣù ààwẹ̀. N kì í rí irun kankan. Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ lọ. Dókítà ní èyí tó dán láàárín wọn ń re irun bí ìrọ̀rí tó fàya. Tèmi, ẹyọ kan kò já. N kì í sì í fọwọ́ kàn án, torí wọ́n ti sọ fún wa láti kékeré pé ajá ń ba àlùwàlá jẹ́. Igi ni mo fi ń ti àwo oúnjẹ sí i.

Nígbà tó tó bí oṣù mẹ́wàá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ké tó bá fẹ́ dùbúlẹ̀. Kò lè na ẹsẹ̀ dáadáa mọ́. Ẹ̀rù bà mí pé òun náà fẹ́ lọ. Mo ránṣẹ́ pe dókítà. Ó ti ìka bọ inú irun rẹ̀, ìka kò wọlé.

"Màámà, ẹ ò ya irun yìí rí?"

"Kí n yà á kẹ̀? Ṣebí kì í re?"

"Kì í re, ṣùgbọ́n ó ń kú. Irun gbogbo ajá ló ń kú. Ti àwọn tó kù, bó bá kú, á já bọ́. Ti èyí, bó bá kú, ara irun tó wà láàyè ló ń rọ̀ mọ́. Ó ti dì, ó ń fa awọ rẹ̀. Ojoojúmọ́ lẹ gbọ́dọ̀ máa yà á. Bí ẹ ò bá lè fọwọ́ kàn án, ẹ jẹ́ n mú un lọ."

Àáfà gbọ́ wa láti ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ta ló ní kẹ́ ẹ má fọwọ́ kàn án?"

"Àlùwàlá ńkọ́, Àáfà?"

"Irun gbígbẹ ló máa bà á jẹ́? Itọ́ rẹ̀ làwọn onímọ̀ ń bára wọn jiyàn lé lórí. Bùbá mi ni mo ní kó má bà jẹ́, n ò pè é ní harámù."

"Látìgbà tí mo ti ń fi igi ti àwo, ṣebí ẹ̀ ń wò mí!"

"Mo rò pé ẹ̀yin àti ẹ̀ jọ ń ṣeré ni."

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. Àáfà ní kó máa lọ, pé ajá kò lọ sí ibì kankan.

Ọjọ́ méjì ni mo fi òòyà onígi ya irun náà lẹ́yìn ilé. Òkè rẹ̀ ti ṣá, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. Nígbà tí mo yà á dé ìsàlẹ̀, nítòsí awọ, irun kan ń jáde tó pupa, tó rọ̀ bí òwú. Irun ìgbà tó wà lọ́mú ni, ti ọ̀sẹ̀ tí a ṣe fìdáù ọmọ mi. Ó ti kú tipẹ́, kò sì lọ síbì kankan. Mo fà á jáde díẹ̀díẹ̀, mo ń kó o jọ, títí ó fi ga bí ajá mìíràn. Ajá fúnra rẹ̀ ti sùn lọ sórí ẹsẹ̀ mi.

Wọ́n pe ìrun alaásárì. N kò tètè lè dìde. Àáfà gbé bútà àlùwàlá rẹ̀ wá, ó tẹ̀ ba, ó da omi sí mi lọ́wọ́ fúnra rẹ̀.

"Ẹ fọ̀ ọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ìyàwó wa," ló wí. "Ẹ má kánjú."