Oko Ẹ̀gẹ́ Tí Bàbá Mi Fi Rúbọ

Bí oníwàásù bá ti ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹbọ tí ìfẹ́ ń rú, ara mi á kọ́kọ́ le ná. Mi ò kọ ẹ̀sìn Kírísítì sílẹ̀ o. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, inú rẹ̀ ni mo ṣì wà. Ṣùgbọ́n mo máa ń wo ojú àwọn tó ń pariwo "Àmín" sí ọ̀rọ̀ yẹn, mo sì máa ń bi ara mi pé ẹrù ta ni wọ́n ti kó lọ rúbọ láì bi onítọ̀hún. Ti ìyá mi ni wọ́n kó lójú mi. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Òdìgbó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, nígbà tí owó epo rọ̀bì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí gbogbo ayé ń yọ̀. Bàbá mi ń gbin kòkó. Nílẹ̀ wa, bí ọkùnrin bá fẹ́ dá oko kòkó, á ṣán igbó, á sun ún, ìyàwó rẹ̀ ló sì máa kọ́kọ́ lo ilẹ̀ náà. Ìyàwó á gbin ẹ̀gẹ́ àti kókò, á gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀, kòkó kékeré á máa dàgbà lábẹ́ òjìji wọn. Oúnjẹ inú oko yẹn, ti ìyàwó ni. Ṣùgbọ́n tí kòkó bá ti lo ọdún bíi mẹ́rin sí márùn-ún, tí ewé rẹ̀ ti pàdé lókè, oòrùn ò ní í dé ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gẹ́ ò sì ní í ta. Ìyàwó á gbé ọkọ́ rẹ̀, á wá ibòmíràn lọ. Kò sẹ́ni tó máa ní kó máa lọ. Òjìji kòkó ló máa lé e.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti lé ìyá mi báyìí. Ó fi ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ tọ́ kòkó bàbá mi dàgbà, kòkó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì wí nǹkan kan, nítorí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo obìnrin tó mọ̀ ń ṣe é. Nígbà tó kan ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi mú un lọ sí ilẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Ó na ọwọ́ sí i, ó ní, "Èyí, mi ò ní í gbin kòkó sí i. Tìrẹ ni." Etí mi méjèèjì ni mo fi gbọ́ ọ. Ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ ló wà níbẹ̀ nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó ń wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ ò rí bí ìyá mi ṣe fẹ́ràn ilẹ̀ yẹn. Púpurú ló ń fi ẹ̀gẹ́ ibẹ̀ ṣe, èyí tí wọ́n máa ń rẹ sínú odò títí á fi rọ̀, tí wọ́n á fún un, tí wọ́n á ṣù ú roboto, tí wọ́n á tò ó sórí iná kí èéfín gbẹ ẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Òun la ń jẹ láàárín ọdún, nígbà tí kòkó kò sí lórí igi. Nírọ̀lẹ́, bí iṣẹ́ bá tilẹ̀ ti tán, ó ṣì máa ń dúró láàárín ẹ̀gẹ́ yẹn fúngbà díẹ̀, kò ní í ṣe nǹkan kan. Ó kàn ń wò ó ni. Obìnrin tí wọ́n ti lé kúrò lórí ilẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó wò ó.

Ìjọba wá fẹ ọ̀nà náà, wọ́n da ọ̀dà sí i. Ọkọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì láti Orè kò dá lẹ́sẹ̀ mọ́. Ìjọ wa, tó ti ń jọ́sìn nínú ilé alámọ̀ láti ìgbà àwọn bàbá ńlá wa, sọ pé àwọn náà fẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì oníbúlọ́ọ̀kù, lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí ará Èkó tó ń kọjá á ti máa rí i. Ẹnu ará Èkó ni wọ́n fẹ́ ti gbọ́ pé Olúwa ti ṣe é!

Ọjọ́ Ìkórè ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Nínú ìjọ wa lọ́jọ́ Ìkórè, wọ́n máa ń pe agbo ilé kọ̀ọ̀kan jáde, wọ́n á jó lọ síwájú pẹ̀lú ohun tí wọ́n kórè. Olórí ilé á wá dúró, á sọ ohun tí ilé rẹ̀ tún fẹ́ fi kún un fún Olúwa. Olórí ilé nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Ìyàwó ló ru iṣu, ìyàwó ló ru ọ̀gẹ̀dẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀rọ̀ sísọ, ẹnu olórí ilé ni. Àlùfáà wa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá, ti wàásù lórí Ábúráhámù lọ́jọ́ yẹn. Ó ní ẹbọ tí kò bá dun ènìyàn kì í ṣe ẹbọ ìfẹ́. Àwọn èèyàn ń mi orí.

Nígbà tí wọ́n pè wá, bàbá mi jó, ó làágùn, ó dúró. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ilé mi fi ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ wa tó wà lẹ́bàá ọ̀nà sílẹ̀ fún ilé Olúwa."

Ṣọ́ọ̀ṣì hó yèè. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n kọrin, àwọn àgbà ọkùnrin dìde wá dì mọ́ ọn. Ìyá mi dúró lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú agbọ̀n ọ̀gẹ̀dẹ̀ lórí. Mo wo ojú rẹ̀. Ó dà bí ojú ẹni tí wọ́n gbá létí láàárín ọjà. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kí i pé, "Ẹ kú oríire o!" Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó bi í bóyá ó mọ̀ sí i. Oko ta ni wọ́n rò pé ó jẹ́? Àwọn náà ṣáà ń rẹ ẹ̀gẹ́ sódò.

Bàbá mi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn, kí n lè máa bá ìbínú mi lọ. Kì í na ìyàwó, kì í mu ọtí, ó fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn. Ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn. Ká ní olè ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa pè é.

Nílé, ìyá mi kò pariwo. Ó bọ́ gèlè, ó ní, "Ilẹ̀ ẹ̀gẹ́ wo lẹ wí nínú ṣọ́ọ̀ṣì?"

Bàbá mi ní, "Olúwa ló bá mi sọ̀rọ̀."

"Yàrá kan náà la jọ ń sùn. Ṣé kò rí mi níbẹ̀ ni?"

Bàbá mi ní inú òun ló ti wá, ìfẹ́ Olúwa ló sún òun, ó sì dun òun náà. Ó dùn ún! Ẹni tí kò kọ poro kan ṣoṣo níbẹ̀ rí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, àlùfáà àti àwọn àgbà ìjọ wá pẹ̀lú okùn àti èèkàn láti wọn ilẹ̀. Èmi àti ìyá mi ń roko lọ́wọ́. Àlùfáà kí wa dáadáa, ó bọ́ fìlà. Ó ní, "Ìyá, ẹ ṣeun o. Ẹbọ ìfẹ́ lẹ rú yìí."

Ìyá mi nà ró. Ó ní, "Ọma mi, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè." Ọma là ń pe ọmọ ní Ìkálẹ̀, ìyá mi sì tó bí i, ṣùgbọ́n ó ṣì ń fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀ torí iṣẹ́ Ọlọ́run tó wà lọ́rùn rẹ̀. "Jésù, ara ta ló gbé lọ sórí igi?"

Àlùfáà rẹ́rìn-ín. "Ara tirẹ̀ ni, Ìyá."

"Kò gbé ti Pétérù lọ?"

"Rárá o."

"Kò gbé ti ìyá tó bí i?"

Ẹ̀rín kúrò lójú ọkùnrin náà. Ó wo àwọn àgbà, àwọn àgbà wo ilẹ̀. Mo rò pé ó ti yé e. Títí di òní, mo gbà pé ó yé e. Ṣùgbọ́n ó wúkọ́, ó ní ọkọ ni orí aya, ohun tí orí bá ti fi sílẹ̀ fún Olúwa, ara ò lè gbà á padà. Ó wá fi òkúta kan èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín poro ẹ̀gẹ́ ìyá mi. Mo máa ń gbọ́ ìró yẹn títí di báyìí tí àlùfáà èyíkéyìí bá ń kọ́ mi ní ìtumọ̀ ìfẹ́.

Wọ́n fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ ká fi hú ẹ̀gẹ́ wa. Kò tíì gbó. Èyí tó tóbi jù nínú rẹ̀ kò ju ọwọ́ ọmọdé lọ, omi ló kún inú rẹ̀. Ìyá mi ṣì rẹ ẹ́, ó fún un, ó ṣù ú, ó tò ó sórí iná, gbogbo rẹ̀ ń fọ́ sínú eérú. Ó jókòó sídìí iná náà, ó sì sunkún. Nígbà tó tán, ó sọ fún bàbá mi pé òun ò ní í fẹsẹ̀ tẹ oko kòkó rẹ̀ mọ́. Ó ní, "Kòkó yín, ẹ máa fúnra yín ṣe é."

Kò sì tẹ̀ ẹ́. Wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì náà tán kí òjò tó dé, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi lọ́jọ́ ìṣílé. Ìyá mi bẹ àwọn ẹbí rẹ̀ ní Àgọ́ Aláyé, wọ́n fún un ní ilẹ̀ kékeré kan níbẹ̀, ó sì ń lọ síbẹ̀ ó ń bọ̀. Bí bàbá mi bá ń lọ sí oko kòkó, ìyá mi ò ní í wo ọ̀nà ibẹ̀. Mo bá a yọ̀. Mo rò pé a ti borí.

Nígbà tí kòkó wá pọ́n, tí ó tó ká, ẹ̀ka igi ńlá kan já lé bàbá mi lórí ẹsẹ̀ nínú oko, ẹsẹ̀ kán. Wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to eegun, wọ́n fi ọparun dì í, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dìde. Òjò kò sì dá. Bí kòkó tó ti pọ́n bá pẹ́ lórí igi nínú òjò, á dúdú, á jẹrà. Kò sí alágbàṣe tá a lè pè, gbogbo wọn ti sá lọ síbi iṣẹ́ ọ̀nà, níbi tí owó epo wà. Àwọn àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa náà ń sáré gbé kòkó tiwọn kúrò nínú òjò. Mo rí i pé kòkó bàbá mi máa ṣègbé, kò sì dùn mí tó bó ṣe yẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá mi gbé àdá àti gọ̀gọ̀ tí wọ́n fi ń já kòkó, ó kọrí sí oko tó ti ní òun ò ní í tẹ̀ mọ́. Mo sáré tẹ̀ lé e. Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó jẹrà! Ṣebí Olúwa ló ń bá wọn sọ̀rọ̀? Kí Olúwa wá ká a!"

Kò bá mi wí. Ó ń já kòkó lọ. Ó ní, "Ta ló rán mi wá síbí?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni kankan."

"Ṣé bàbá rẹ rán mi?"

"Rárá, Mà."

"Ó dáa. Gbé apẹ̀rẹ̀ wá."

A ká a, a fọ́ ọ, a da hóró rẹ̀ jọ, a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó kó lè kan, a yí i padà, a sá a sóòrùn, a sì ń sáré kó o wọlé tí òjò bá ṣú. Èmi ń bínú, mò ń ṣe é. Ìyá mi ń gbé oúnjẹ lọ fún bàbá mi lójoojúmọ́, kò sọ nǹkan kan fún un nípa kòkó náà. Ṣùgbọ́n òórùn kòkó tó ń kan kì í kúrò lára bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kan tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé àwo sílẹ̀, bàbá mi gbọ́ òórùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún. Inú mi kò rọ̀. Mo ní lọ́kàn mi pé ẹ sunkún dáadáa.

Ọjọ́ Ìkórè tún pé. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì tuntun ni, lórí ilẹ̀ ìyá mi. Nígbà tí wọ́n pe ilé wa, bàbá mi fi igi tẹlẹ̀ jáde, ìyá mi ru apẹ̀rẹ̀ kòkó gbígbẹ tẹ̀ lé e. Àwọn èèyàn kọrin, wọ́n gbé àga fún bàbá mi níwájú nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò jókòó. Omi ti wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ará, ilé mi ti rú ẹbọ ìfẹ́ kan lọ́dún yìí, tí mo fẹ́ fi lé Olúwa lọ́wọ́. Ìyàwó mi..."

Ìyá mi di etí agbádá rẹ̀ mú. Kò sọ ọ́ sókè, ṣùgbọ́n ilé oníbúlọ́ọ̀kù máa ń gbé ohùn.

"Ẹ jókòó. Èyí kì í ṣe tiyín láti fi sílẹ̀."

Gbogbo ìjọ gbọ́. Àlùfáà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí Bíbélì tí kò sẹ́ni tó ní kó ṣí. Bàbá mi jókòó. Ìyá mi sọ apẹ̀rẹ̀ náà kalẹ̀ níwájú pẹpẹ fúnra rẹ̀. Ó padà wá sídìí àga bàbá mi, ó fi ọwọ́ rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ tó kán náà sí ibi tó ti máa rọrùn fún un, ó sì jókòó tì í.